Ìyá Àgbà Raleigh Fẹ́ Ọkọ Kékeré

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo rẹ̀ níwájú ọmọdé. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin tó yẹ kí ojú máa tì, ọlọ́mọ, oníṣẹ́ gidi, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ, ń fi kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Ítálì àti ní Amẹ́ríkà? Kẹ̀kẹ́ onírin tó ti lé ní 40 ọdún, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ni wọ́n ń gbé wọ gáréèjì lálẹ́. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á tan iná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá àgbà á ti ní ọkọ tuntun: ọwọ́ bíréèkì ìgbàlódé tó tún ń pààrọ̀ jíà, dúdú, onírọ́bà, ó jókòó gbàgbà sórí áńdù bí ẹni pé òun ló kọ́ ilé náà. Mo pòṣé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi.

Kí ẹ tó ní òfófó ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá náà jẹ́. Ẹ ṣáà mọ Raleigh. Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn lọ oko kòkó, tí tíṣà gùn lọ ilé ìwé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn: abarapá, tí ọ̀pá irin ń fa bíréèkì rẹ̀, tó lè ru ọkọ, ìyàwó àti ẹrù wọn láìkùn. Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀. Nínú ìdílé kan náà ni a ti rí àwọn àbúrò tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: kẹ̀kẹ́ eré, tẹ́ẹ́rẹ́, fúyẹ́, tí áńdù wọn tẹ̀ kọdọrọ síwájú. Ìdílé yẹpẹrẹ kọ́ o. Joop Zoetemelk, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, wọ aṣọ ẹgbẹ́ TI-Raleigh gba Tour de France ní 1980. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ dáadáa inú wọn, irin Reynolds 531 ni ara wọn. Birmingham ni Reynolds ti gbé irin náà jáde ní 1935, irin tí wọ́n po manganese àti molybdenum mọ́. Wọ́n á jẹ́ kí ó nípọn ní ìpẹ̀kun méjèèjì, níbi tí iná ìjórin yóò ti kàn án, kí ó sì fẹ́lẹ́ láàárín kí ó lè fúyẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá fi í ṣe a máa tẹ̀ díẹ̀, a tún máa padà sípò, kì í gbo ẹni tó gùn ún mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Obìnrin tó mọ ìwà hù ni.

Ó sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọwọ́ jíà rẹ̀ kò ju méjì lọ, kéékèèké báyìí, lára irin tó dagun lọ sísàlẹ̀ nítòsí orúnkún ẹni tó gùn ún. Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, wàá yọ ọwọ́ kan kúrò lórí áńdù, wàá bẹ̀rẹ̀, wàá fà á díẹ̀díẹ̀, etí rẹ ni yóò sọ fún ọ pé ṣéènì ti jókòó. Kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀. Kò sí ohun tó ń ké. Ìwọ àti òun nìkan lẹ mọ ibi tí ẹ bá a dé. Ẹni tó kánjú, ṣéènì rẹ̀ á máa han lórí eyín. Ẹni tó ní sùúrù, wọ́n á jọ gun òkè láìsí ariwo. Irú ìgbéyàwó àwọn ìyá wa nìyẹn, tí ọkọ kì í pàṣẹ, tí aya kì í dáhùn, tí iṣẹ́ ilé sì ń lọ.

Ọkọ tuntun ńkọ́? Ará Jàpáànì ni, ọmọ ìlú Sakai, níbi tí wọ́n ti dá Shimano sílẹ̀ ní 1921. Ó yẹ kí a ti fura láti 1984, nígbà tí wọ́n gbé Dura-Ace kan, àkójọ ohun èlò kẹ̀kẹ́ eré wọn, jáde tí ọwọ́ jíà rẹ̀ ń ké “kẹ́, kẹ́” níbi tí eyín kọ̀ọ̀kan bá wà, kí ẹni tí kò ní etí náà lè máa pààrọ̀ jíà bí ọ̀gá. A dákẹ́. Ní 1990, wọ́n mú jíà kúrò nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kó o sínú ọwọ́ bíréèkì, wọ́n sọ ọ́ ní STI. Tẹ̀ ẹ́ sínú, kẹ̀kẹ́ dúró. Tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, jíà pààrọ̀. Ọwọ́ kan náà, iṣẹ́ méjì! Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣeé fọkàn tán? Ní 1992, Campagnolo, ilé ọlọ́lá tó wà ní Vicenza ní Ítálì, tí gbogbo wa rò pé yóò bá wa dá ẹjọ́ náà, òun náà bí tirẹ̀, ó pè é ní Ergopower. Ní 2006, SRAM ti Amẹ́ríkà kó DoubleTap wá. Kò sí ilé tí kò ní irú ọmọ yẹn mọ́.

Ẹ tún wá wo ìmúra. Campagnolo, nítorí pé ilé ire ló ti jáde, láti ọjọ́ kìíní ló ti ń fi tépù áńdù bo wáyà jíà rẹ̀. Ti Shimano? Wáyà jíà yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ bíréèkì, ó ta síta gbangba níwájú kẹ̀kẹ́, gbogbo ayé ń wò ó. Odidi ọdún 18 ni ó fi rìn bẹ́ẹ̀ nígboro, ìgbà tí Dura-Ace 7900 jáde ní 2008 ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tì í, tó rí aṣọ bò ó.

Ẹni tó bá mọ ayé mọ̀ pé a kì í fẹ́ ọkọ nìkan. Ẹbí là ń fẹ́. Ibí yìí ni ìyọnu ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀. STI a máa ka “kẹ́” kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n wáyà tó ń fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Derailleur, apá irin tó wà lẹ́yìn tó ń ti ṣéènì bọ́ láti orí eyín kan sí òmíràn, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òun àti STI jọ wá láti ìdílé kan náà. Bí èyí bá ti Shimano wá, tí ìyẹn sì jẹ́ ti Campagnolo, ìjà ni wọn yóò máa jà láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí wáyà tí èyí ń fà kọ́ ni ìyẹn ń retí. Derailleur ìyá àgbà, tó ti bá a gbé láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, kó ẹrù rẹ̀, ó jáde. Derailleur tuntun wọlé, ó wo fíríwíìlì, ó ní àyè tó wà láàárín eyín rẹ̀ kò bá òun mu. Fíríwíìlì jáde. Kásẹ́ẹ̀tì, àkójọ eyín òde òní, wọlé, ó ní òun kò lè jókòó sórí họ́ọ̀bù àtijọ́ tí tíréèdì wà lẹ́nu rẹ̀. Họ́ọ̀bù jáde, odindi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì bá a lọ, àti ríìmù àti sípóòkù. Ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tuntun wá dé ẹnu ọ̀nà. Kò lè wọlé. Ó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ!

Ẹ di etí àwọn ọmọ yín. Kẹ̀kẹ́ tí fíríwíìlì rẹ̀ ní eyín ìpele 5, mìlímítà 120 ni àyè tó wà láàárín apá ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó ní 6 tàbí 7, 126 ni. Ẹbí tuntun ń bèèrè 130. Bó bá jẹ́ 126, àwọn kan a fi ọwọ́ lásán ya apá méjèèjì, mìlímítà 2 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 2 ní èkejì, wọ́n á ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bọ ibẹ̀, wọ́n á ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n 120? Mìlímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò yà, ọwọ́ lásán kò tó o. Pákó ni wọ́n ń mú, pákó gígùn tí káfíńtà fi ń kọ́lé, wọ́n á kì í sáàárín apá ẹ̀yìn, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ títí irin yóò fi gbà. Lẹ́yìn náà wọ́n á ta okùn láti apá kan lọ yí irin iwájú dé apá kejì, wọ́n á fi rúlà wọ̀n ọ́n bóyá méjèèjì dọ́gba. Olóògbé Sheldon Brown, atúnkẹ̀kẹ́ṣe ará Massachusetts tó kú ní 2008, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, pákó, okùn, gbogbo rẹ̀. Ọlọ́run fi orun ire fún un, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi sílẹ̀ fún wa.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú rẹ̀ nìyí: irin nìkan ló lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ àlùmíníọ́mù bẹ́ẹ̀, yóò sán. Ẹ tẹ kábọ́ọ̀nù, yóò fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Sùúrù tí ìyá àgbà ní ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà. Bó bá jẹ́ oníjàgídíjàgan ni, ta ni ì bá dán an wò?

Ẹbí ọkọ kò tíì dé tán. Ọ̀pọ̀ Raleigh eré ayé ọjọ́un, ẹsẹ̀ 27 ínṣì ni wọ́n fi ń rìn, tí ìwọ̀n ibi tí táyà ti ń jókòó lára ríìmù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 630. Ẹsẹ̀ òde òní, 700C, 622 ni tirẹ̀. Rọ́bà bíréèkì ní láti sọ̀ kalẹ̀ mìlímítà 4 kí ó tó lè kan ríìmù. Bí apá bíréèkì bá gùn tó, ó tẹríba, ó fara mọ́ ọn. Bí kò bá gùn tó, bíréèkì náà di ẹni ìtìsíta, ti òde òní wọlé. Bíréèkì òde òní ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nọ́ọ̀tì òun. Inú ihò lẹ́yìn orí fọ́ọ̀kì ló fẹ́ kí ó sá pamọ́ sí. Ihò ìyá àgbà kò fẹ̀ tó, nítorí lójú ayé tirẹ̀ ìta ni nọ́ọ̀tì ń jókòó sí, kò sí ohun tó ń fi pamọ́. Ni ọkùnrin bá gbé ẹ̀rọ ìluhò. Ó fi irin mìlímítà 8 sí i lẹ́nu. Ó lu fọ́ọ̀kì! Háà. Ibí yìí ni mo ti dìde lórí àga. Irin tí wọ́n bá yà lè padà sí bó ṣe wà. Ihò tí wọ́n bá lù, ta ni yóò dí i?

Ẹni tó bá rò pé Raleigh nìkan ló ń rí nǹkan, kí ó lọ bi Peugeot. Bẹ́ẹ̀ ni, Pijó kan náà tí ẹ mọ̀ sí ọkọ̀. Wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó ṣe mọ́tò. Peugeot PX-10, ọmọge Faransé tó wọ irin 531, a máa jẹ́ ohun ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń fi ipá fẹ́ra. Gbogbo tíréèdì ara rẹ̀, ti ilé wọn ni. Ihò ìsàlẹ̀ tí kíráńkì ń yí nínú rẹ̀, mìlímítà 35 ni ní Faransé, mìlímítà 36 ni ní Ítálì, ínṣì 1.37 ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tíréèdì 24 nínú ínṣì kan. Raleigh pàápàá, nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ti Nottingham jáde, yàn láti ní 26, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun bá ará ìta ṣe. Ọrùn áńdù Peugeot, mìlímítà 22.0, ti ayé tó kù, 22.2. Nítorí ìdá 2 nínú 10 mìlímítà, mo ti rí ọkùnrin tó jókòó pẹ̀lú sáńpépà lọ́sàn-án gangan, tó ń họ ọrùn irin títí tí èékánná rẹ̀ fi dúdú. Iṣẹ́ wo ló fi sílẹ̀ nílé?

Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n ní àwíjàre. Wọ́n ní orúnkún ni. Kẹ̀kẹ́ eré àwọn ọdún 1970, eyín 42 ni wọ́n sábà ń fi sí àwo eyín kékeré níwájú, eyín tó tóbi jù lẹ́yìn a sì máa wà láàárín 20 sí 25. Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó fi irú jíà yẹn gun òkè, ilé ìwòsàn ló ń gùn lọ. Ti òde òní, 34 níwájú, 32 tàbí 34 lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ á máa yí, ẹ̀mí á máa wà. Wọ́n tún ní ọwọ́ kì í kúrò lórí bíréèkì mọ́, pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ wá ọwọ́ jíà ń wá ikú. Mo gbọ́. Mi ò ní kí wọ́n kú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ orúnkún lónìí, lọ́la ni yóò máa sọ̀rọ̀ bátìrì. Ní 2009 Shimano gbé Dura-Ace oníná jáde, Di2. Ní 2015 SRAM ní wáyà pàápàá kò yẹ, ó kó eTap dé, tó ń bá derailleur sọ̀rọ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn kan sì ti gbé e kọ́ ìyá àgbà lọ́rùn! Obìnrin tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ iná mànàmáná láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ni wọ́n wá ń wá ṣája fún lálẹ́. Bí bátìrì bá kú lórí òkè, ọkọ ti sùn nìyẹn, ìyàwó á wà nínú jíà kan ṣoṣo títí tí wọn yóò fi délé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le báyìí, àwọn olódodo kan a máa yọ. Ẹ mọ̀ wọ́n. Gaiole in Chianti, ní Tuscany ní Ítálì, ni ilé ìjọsìn wọn. Láti 1997 tí Giancarlo Brocci ti dá L'Eroica, ayẹyẹ gígun kẹ̀kẹ́ àtijọ́, sílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹni 92 sì gun ti àkọ́kọ́, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà erùpẹ̀ funfun, wọ́n wọ ẹ̀wù onírun àgùntàn, irùngbọ̀n wọn rí játijàti. Òfin wà: kẹ̀kẹ́ eré tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1987 sẹ́yìn, ọwọ́ jíà lára irin ìsàlẹ̀, pẹ́dà tí wọ́n ń fi awọ de ẹsẹ̀ mọ́, wáyà bíréèkì tó yọ síta lókè áńdù. Bí o bá gbé STI dé ibẹ̀, ojú tí wọn yóò fi wò ọ́, ó sàn kí o ti wọ ìhòhò wá.

Inú mi dùn sí wọn, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàn ìdílé wò. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ṣé ẹ mọ̀ pé derailleur tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, ọkọ kékeré lòun náà nígbà kan? Henri Desgrange, tó dá Tour de France sílẹ̀ ní 1903, kórìíra rẹ̀ bí ẹ̀gbin. Lójú tirẹ̀, agbára ẹsẹ̀ ló yẹ kí ó borí òkè, kì í ṣe ẹ̀rọ. Títí di 1937 ni wọn kò fi gbà á láyè nínú ìdíje náà. Eyín kan ló máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ jíà mìíràn, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ó yí i padà, kí ó tún dè é. Wọ́n ní ibi tí Tullio Campagnolo, bàbá ilé Campagnolo yẹn, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú òjò dídì lórí òkè Croce d'Aune ní 1927 ni ìka rẹ̀ ti gan, tí kò lè tú nọ́ọ̀tì, tó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ọ̀nà tí ọwọ́ kan yóò fi máa tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wéré. Lọ́dún 1937 tí wọ́n gba derailleur láyè, Roger Lapébie fi gba ife ẹ̀yẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà náà, àwọn àgbà pòṣé. Wọ́n ní ayé ti bàjẹ́. Ẹ̀yin ará Gaiole, ìyá tí ẹ ń pè ní wúńdíá ti ṣe ìgbéyàwó kan rí, ariwo sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti òní lọ!

Ẹ̀rọ ìluhò tí mo pariwo lé lórí yẹn ńkọ́? Eddy Merckx, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ni wọ́n fi ń búra. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1972, ní ìlú Mexico City, ó gun kìlómítà 49.431 ní wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́ irin tí Ernesto Colnago ṣe. Colnago ń wá ìfúyẹ́, ó lu ihò sára ṣéènì pàápàá. Láàárín àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ń lu ọwọ́ bíréèkì, wọ́n ń lu àwo eyín, tí ohun ara kẹ̀kẹ́ fi kún fún ihò. Lónìí, àwọn kan náà tó ń bú ẹni tó fi STI sí Raleigh, bí wọ́n bá rí ọwọ́ bíréèkì oníhò yẹn, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á san owó gọbọi. Ìwà ìbàjẹ́ tó bá ti pé 50 ọdún, àṣà ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló bi Raleigh léèrè bóyá gbogbo ara rẹ̀ ti Nottingham wá? Atúnkẹ̀kẹ́ṣe abẹ́ igi a fi pẹ́dà China sí i, a fi sípóòkù India sí i, a jó irin sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹlẹ́mu lè so agbè mọ́ ọn. Ẹnì kankan kò pòṣé, nítorí iṣẹ́ ni kẹ̀kẹ́ náà ń ṣe, iṣẹ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò sí ẹni tó purọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí ojú rí náà ni.

Ọ̀rọ̀ mi gan-an dé nìyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀gbin wà. Fífẹ́ ọkọ kékeré kọ́ ló burú jù. Àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí STI bá wọlé ni wọ́n ń kó ẹrù ìyá àgbà jáde, tí wọ́n ń tà á níkọ̀ọ̀kan: derailleur Campagnolo lọ síbí, ọwọ́ jíà lọ sọ́hùn-ún, bíréèkì lọ sí ìlú mìíràn, nítorí wọ́n mọ̀ pé àtijọ́ ní owó lórí. Wọ́n á fi ayùn gé ohun tí wọ́n jó mọ́ férémù láti mú wáyà dání, nítorí kò bá ojú òde òní mu. Wọ́n á họ ọ̀dà tí Nottingham kùn, wọ́n á fọ́n tuntun lé e. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ta ìyá náà, wọ́n á ní: “Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Bó ṣe wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí.” Ẹnu wọn kì í já!

Àwọn mìíràn burú jù bẹ́ẹ̀. Sítíkà Reynolds 531 tuntun wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni lè rà á. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ tí irin rẹ̀ kò jọ irin Birmingham láyé, wọ́n á fún un lórúkọ ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí irú wọn bá gbé ọ̀kan wá bá yín, ẹ má wo sítíkà. Ẹ ní kí ó yọ òpó ìjókòó, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Kẹ̀kẹ́ eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí irin 531 rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́ láàárín lóòótọ́, òpó mìlímítà 27.2 ló sábà máa ń gbà. Bí ẹ bá bá 26.4 tàbí kékeré jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọba, ẹ bi olówó kẹ̀kẹ́ ní ìbéèrè mìíràn, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀.

Ẹni tó bá wá fẹ́ ṣe é láìní ẹ̀bi, ọ̀nà wà. Níbi tí ọwọ́ jíà àtijọ́ ti ń jókòó lára irin ìsàlẹ̀, wọ́n ti ṣe ohun kékeré kan tí wọ́n ń fi bóòtù dè síbẹ̀, tó ń mú wáyà STI dání. Ẹ kò gé, ẹ kò lu. Ẹsẹ̀ tuntun lè lọ, kí tàtijọ́ wà ní kíkọ́ sára ògiri. Bíréèkì tí apá rẹ̀ gùn, tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì ń jókòó síta, wà lọ́jà fún ẹni tí kò fẹ́ lu fọ́ọ̀kì. Ohun tí bóòtù bá so, bóòtù á tú u. Ọjọ́ tí orúnkún bá yá, tàbí ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ jogún, ìyá àgbà á padà sílé rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀, kò ní sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan lójú ọ̀nà Derbyshire tàbí California, tó gun Raleigh àtijọ́, tí STI ń kọ dúdú lórí áńdù rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ bú u. Ẹ kí i, ẹ yìn ín, kí ẹ sì fi ọgbọ́n bi í pé: “Àwọn ohun àtijọ́ rẹ̀ dà?” Bí ó bá ní wọ́n wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti bóòtù wọn gbogbo, ọmọlúàbí ni, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wo ilẹ̀, tó ní òun ti tà wọ́n, ẹ rọra bẹ ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì wò bóyá ẹ̀rọ ti kàn án. Bó bá ti kàn án, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó bá yín sọ kẹ̀kẹ́ yín kalẹ̀, ẹ má sì yá a ní sípánà.